Kọ̀ǹpútà Tí Mo Kọ́ Bí Ilé

Gbogbo fáànù ń yí. Iná pupa kékeré kan tàn létí bọ́ọ̀dù, ó sì dúró síbẹ̀ bí ojú tí kò fẹ́ ṣẹ́. Ṣùgbọ́n móníítọ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo tún tàn án. Fáànù tún yí. Iná pupa tún tàn. Dúdú.

Inú yàrá ẹ̀yìn ilé bàbá mi ni mo wà, ní Báṣírì, l'Adó-Èkìtì. Òógùn ti bò mí, kì í sì í ṣe ooru nìkan ló fà á. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni ikọ̀ wa máa wọ ìdíje, géèmù ìbọn tí ènìyàn márùn-ún ń bá ènìyàn márùn-ún mìíràn gbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni ẹni karùn-ún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ààyè yìí. Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Ìjìgbò ni mo ti ń gbá a tẹ́lẹ̀, lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Olórí ikọ̀ wa sì ti sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀: ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tirẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kó lọ jókòó.

Ẹni tó wà nílẹ̀ láti gba ààyè mi ni ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ ní Ìgèdè. N kò tíì fojú rí i rí. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ nínú géèmù, ohùn tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó yìnbọn fún ọ.

Kí n sọ bí mo ṣe kó ẹ̀rọ yìí jọ, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó ń kọ́ ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò wọ́pọ̀. Wàá ra ilẹ̀. Nígbà tó bá yá, wàá ra búlọ́ọ̀kù, wàá tò ó sórí ilẹ̀ náà, koríko á hù yí i ká. Owó mìíràn á wọlé, wàá ra irin. Òmíràn á tún wọlé, wàá ra páànù, wàá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà títí tó fi fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ ilé tí à ń gbé yìí. Wíńdò ti wà nílẹ̀ kí ògiri tó ga dé ibi tí wọ́n á ti fi wíńdò sí i. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ kó kọ̀ǹpútà géèmù jọ fúnra mi, kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Máa rà á bí o bá ṣe ń rí owó."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Bọ́ọ̀dù ni mo kọ́kọ́ rà, pátákó pẹlẹbẹ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń dúró lé, nítorí mo kà á sí ìpìlẹ̀. Mo yan èyí tó ní ihò ráàmù mẹ́rin, tí ihò pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ sì lè gba ìran pírósẹ́sọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ, kí n lè máa pààrọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ iwájú láìpààrọ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kéèsì, àpótí tó gba gbogbo ẹ̀yà sínú. Èyí tó ní gíláàsì níwájú ni gbogbo ènìyàn ń yìn. Mo kọ̀ ọ́, mo mú èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n irin, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò bá rí ọ̀nà wọlé kò lè tu ẹnikẹ́ni lára. Mo gé ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ kan, mo nà án sẹ́yìn àwọ̀n náà nítorí eruku pupa ìgbà ọyẹ́. Ráàmù, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, mo ra oní-gígà-mẹ́jọ méjì dípò oní-mẹ́rìndínlógún kan, kí ìsọfúnni lè máa gba ọ̀nà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Páwà, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà, mo kọ àwọn tí wọ́n kọ nọ́ńbà ńláńlá sí lára tí wọ́n sì fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì. Káàdì àwòrán, àlòkù ni. Ẹni tó lò ó ṣáájú mi fi ń ya àwòrán ilé ni, kò fi jẹ ẹ́ níyà. Pírósẹ́sọ̀ ni mo fi gbẹ̀yìn. Mo fẹ́ kí iye rẹ̀ wálẹ̀, ó sì wálẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí mo máa fi rà á, ìran tuntun ti jáde tí ihò bọ́ọ̀dù mi lè gbà. Mo ra ìran tuntun yẹn, mo sì ń rìn bí ẹni tó rẹ́ ọjà jẹ.

Ohun tí n kò rò ni pé búlọ́ọ̀kù kò ní láti mọ orúkọ irin kí ó tó gbé e. Bọ́ọ̀dù ní láti mọ pírósẹ́sọ̀. Ètò kékeré kan wà tí wọ́n kọ sínú bọ́ọ̀dù láti ilé iṣẹ́, òun ló ń jí gbogbo ẹ̀yà yòókù nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ, àwọn pírósẹ́sọ̀ tí wọ́n ti dáyé nígbà tí wọ́n kọ ọ́ nìkan ló sì mọ̀. Bọ́ọ̀dù mi ti sùn nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì látìgbà náà. Wọ́n bí ìran tuntun nígbà tó ń sùn. Mo wá gbé àlejò síwájú rẹ̀ lójijì, mo ní kó kí i.

N kò tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo yọ ráàmù kan, mo dán èkejì wò. Mo pààrọ̀ ihò. Mo yọ káàdì àwòrán, mo nu ẹnu rẹ̀, mo tún fi í síbẹ̀. Ìgbà tí mo fi iná fóònù wo bọ́ọ̀dù náà fínnífínní ni mo rí bébà tín-ín-tín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ráàmù, nọ́ńbà ètò náà wà lára rẹ̀. Mo wo ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Nọ́ńbà tí pírósẹ́sọ̀ mi ń fẹ́ jìnnà sí èyí tó wà lára bébà yẹn.

Ọkàn mi balẹ̀, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ tó tún fò. Ènìyàn lè fi ètò tuntun rọ́pò ti àtijọ́ pẹ̀lú fláàṣì, irin kékeré tí a fi ń kó fáìlì kiri, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí, kò sì ní jí láìsí pírósẹ́sọ̀ tó mọ̀. Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ṣe é láìsí pírósẹ́sọ̀ rárá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń ra tèmi. Mo fo èyí tó ní bọ́tìnnì, mo ní ta ló ń lo bọ́tìnnì. Èyí tó wá burú jù ni pé bí iná bá lọ nígbà tí ètò tuntun ń wọlé lọ́wọ́, bọ́ọ̀dù náà á kú. Kì í ṣe àìsàn o. Ikú ni. Iná ọjọ́ yẹn sì ti lọ, ó ti dé, ó ti tún lọ kí n tó jẹun ọ̀sán.

Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkèṣà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ló kún ọwọ́ wọn. Ọ̀kan wo fọ́tò pírósẹ́sọ̀ tí mò ń wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irú eléyìí, àwa náà ń gbúròó rẹ̀ ni." Mo kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sáàárín ikọ̀ wa, mo béèrè bóyá ẹnì kan mọ ẹni tó ní ìran àtijọ́ rẹ̀.  Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìdáhùn kan tó wọlé. "Mo ní in. Ó wà nínú ẹ̀rọ mi."

Télọ̀ Ìgèdè ni.

Mo jókòó ti fóònù náà. Nínú gbogbo ènìyàn tí mo mọ̀ ní gbogbo Èkìtì, ẹni tó máa jèrè bí ẹ̀rọ mi kò bá jí ni ohun tó máa jí i wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pè é.

"Ọmọ Adó," ó ní, "wọ́n ní o fẹ́ yọ ọpọlọ mi."

"Mo fẹ́ yá a ni. Kò ní pẹ́."

"Ẹ̀rọ yẹn ni mo fi ń ya iṣẹ́ ọnà fún maṣíìnì tó ń kọ aṣọ. Bí o bá bà á jẹ́, ṣé ìwọ ni wàá máa bá mi fi ọwọ́ kọ ọrùn agbádá?"

"N kò ní bà á jẹ́."

"Ẹni tó máa ba nǹkan jẹ́ kì í sọ tẹ́lẹ̀."  Mò ń gbọ́ maṣíìnì tó ń sáré lẹ́yìn rẹ̀. "Pírósẹ́sọ̀ mi kò ní wọ mọ́tò lọ sí Adó. Ìwọ ni kí o gbé òkú tìrẹ wá síbí. Sólà wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, iná ibí kì í ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Tó bá jí, èmi àti ìwọ á gbá a ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹnì kan sí ẹnì kan. Ẹni tó bá borí ló ni ààyè karùn-ún."

"Wọ́n ti fún mi ní ààyè yẹn."

"Ẹni tó lẹ́rọ ni wọ́n fún. O lẹ́rọ?"

Mo gbà. Nígbà tí mo sọ fún olórí ikọ̀, ẹ̀rín ló rín. Ó ní òun fara mọ́ ọn.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, bàbá mi bá mi níbi tí mo ti ń fi aṣọ ìbora wé kéèsì náà. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ nu ẹnu.

"Páànù tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ìyá rẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sá kúrò nínú yàrá. Ọjọ́ tí mo fà á jáde, páànù náà ló ṣì jẹ́."

"Bàbá, páànù kò lọ́pọlọ."

"Ọlọ́run ló ṣe é," ó ní. "Ì bá ti gbàgbé mi."

Mo ti yọ káàdì àwòrán, mo fi súwẹ́tà wé e sínú báàgì, nítorí ó wúwo, ó lè fa ihò rẹ̀ ya bí mọ́tò bá ń fò. Kéèsì wà lórí itan mi. Ìyá kan tó jókòó tì mí nínú mọ́tò Ìgèdè wo aṣọ ìbora náà títí, ó béèrè pé ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná ni. Mo ní kọ̀ǹpútà ni. Awakọ̀ ní, "Ohun yòówù kó jẹ́, ó ń gba àyè ènìyàn. Kó san owó ènìyàn." Mo ní ó wà lórí itan mi. Ó ní, "Ìyàwó ẹlòmíràn náà ń jókòó lórí itan, ó sì ń sanwó." Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. A ti dé Ìyìn nígbà náà, ibi tí wọ́n ti mọ gegele sójú títì, gbogbo ìgbà tí táyà bá sì gun ọ̀kan ni mò ń fi apá méjèèjì gbé kéèsì náà sókè bí ọmọ tí wọ́n ń rì bọmi.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí títì. Tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó ga jù mí lọ díẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ lò ń fi ohùn sójà yẹn pàṣẹ fún wa? O mà kéré o!"

"Ẹ̀rọ rẹ dà?"

"Kí mi ná. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé onílé l'Adó nìyẹn?"

Mo kí i. Ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Nígbà tí mo ṣí i, òwú aṣọ kún inú rẹ̀ bí ìrọ̀rí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo dé ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí látàná. Fáànù tó ń tu pírósẹ́sọ̀ lára jókòó lórí irin wúwo kan, gírísì funfun ló sì so irin náà pọ̀ mọ́ pírósẹ́sọ̀ láti máa gbé ooru lọ. Bí gírísì náà bá gbẹ, á di bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́dìí ìkòkò. Bí ènìyàn bá fa irin náà sókè, pírósẹ́sọ̀ á tu tẹ̀ lé e, àwọn abẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì wó. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, kò sí èyí tó nípọn ju ẹsẹ̀ kòkòrò lọ.

Mo tú àwọn ìdè rẹ̀. Télọ̀ na ọwọ́ sí irin náà.

"Má fà á!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú òfuurufú. "Ta ló ni ín?"

"Ìwọ ni. Jọ̀ọ́. Bá mi tàn án ná, kó ṣiṣẹ́ tó le. Mo fẹ́ kí gírísì yẹn rọ̀."

Ó wò mí bóyá mo fẹ́ jí nǹkan. Ó tún àwọn ìdè náà dè fúnra rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ, ó gbé iṣẹ́ ọnà ńlá kan síwájú rẹ̀ láti ṣírò. Nígbà tí irin náà gbóná débi tí ìka mi kò lè dúró lórí rẹ̀ mọ́, a pa á. Mo di irin náà mú. N kò fà á. Mo yí i sọ́tùn-ún díẹ̀, mo yí i sósì. Kò mira. Télọ̀ ti fi ọwọ́ méjèèjì di tẹ́ẹ̀pù ọrùn rẹ̀ mú. Mo tún yí i. Nǹkan kan dún nísàlẹ̀, ohùn kékeré bí ìgbà tí èèpo bá ṣí lára iṣu sísè. Mo gbé irin náà sókè. Pírósẹ́sọ̀ jókòó sáyè rẹ̀, kò tu.

Ó jókòó lórí àpótí. "Mo ti ń ro aṣọ ẹni tí n ó kọ́kọ́ dá padà láìrán," ó ní. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

Mo gbé pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ sínú bọ́ọ̀dù mi, mo fi gírísì tuntun sí i, mo fi káàdì àwòrán padà sáyè rẹ̀. Mo tàn án. Iná pupa tàn. Iná náà kú. Lẹ́tà funfun jáde sójú móníítọ̀. N kò yọ̀ rárá, nítorí ibi tó le kù. Iná ìjọba kò sí ní Ìgèdè lọ́jọ́ náà, ìyẹn sì dùn mọ́ mi, torí kò sí pé iná dé, iná lọ; bátìrì sólà nìkan là ń lò. Télọ̀ pa fáànù ṣọ́ọ̀bù. Ó pa gílóòbù. Ó yọ maṣíìnì. Mo fi fláàṣì tí mo ti kó ètò tuntun sí bọ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sójú pé a kò gbọdọ̀ pa òun títí òun yóò fi parí. Mo wo télọ̀ lójú, ó mi orí pé òun gbà, mo tẹ̀ ẹ́.

Ìlà funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó ń falẹ̀ bí ìgbín. Ó ti dé ogójì nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ìyá kan wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Ìyá onílé ni," télọ̀ sọ sí mi létí.

Bùbá kan tó ti rún wà lọ́wọ́ ìyá náà. Ó ní òun ń lọ sí ìpàdé ìjọ, kí wọ́n bá òun lọ̀ ọ́. Télọ̀ kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣe sùúrù díẹ̀. Ìyá náà ní òun kò ní kí ó dìde lẹ́nu iṣẹ́, òun á lọ̀ ọ́ fúnra òun. Áyọ̀ọ̀nù wà lórí tábìlì. Ó ti gbé e. Okùn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lọ síbi ihò iná tó wà lára ògiri.

Ẹni tó bá mọ sólà kékeré mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Áyọ̀ọ̀nù ń jẹ iná ju gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ. Bó bá ti wọlé, gbogbo rẹ̀ á já lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sí i!" télọ̀ ń bẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé uná kò sí ni? Ṣebí mo rí i pé ìyẹn ń tàn," ó nawọ́ sí móníítọ̀.

N kò lè já nǹkan gbà lọ́wọ́ ìyá tó tó bí mi. N kò lè tì í. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀, orí mi ní ìdí ògiri nísàlẹ̀ ihò iná, ẹsẹ̀ mi gba gbogbo àyè tó kù láàárín tábìlì àti maṣíìnì. Kò sí bó ṣe máa dé ibẹ̀ àfi kó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí mi, àgbà Èkìtì wo ló sì máa gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ọmọ tó ń kí i?

"Ẹ kú ọ̀sán, mà."

"Háà! Kúùọ̀sán, ọmọ mi. Dìde."

"Ẹ ṣé, mà." N kò dìde.

"Mo ní kí o dìde."

"Wọ́n kọ́ wa nílé pé ká má máa yára dìde níwájú àgbà, mà."

"Ọgọ́ta," télọ̀ sọ lẹ́yìn wa, bí ẹni tó ń ka ìwọ̀n àyà.

"Ọmọ ulé ta ni ọ́?" ìyá náà béèrè. Okùn áyọ̀ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ Adó ni mí, mà. Ní Báṣírì. Tíṣà ni bàbá mi, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ìgbẹmọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ni."

"Ìgbẹmọ! Ibẹ̀ ni àbúrò mi lọ́kọ sí. Ṣé wọ́n mọ àwọn tó ń ta ìrẹsì nítòsí ilé ìwé?"

"Wọ́n á mọ̀ wọ́n dáadáa, mà." Ètè mi ń kan sìmẹ́ńtì. Mò ń béèrè àlàáfíà àbúrò náà, ti ọkọ rẹ̀, ti ìrẹsì ọdún yìí.

"Ọgọ́rin."

"Ta lò ń ka owó fún?" ìyá náà yíjú sí télọ̀. "Àbí kí lẹ̀yin méjèèjì ń ṣe níbí gan-an?"

"Àádọ́rùn-ún. Màámi, ẹ má bínú. Ọgọ́rùn-ún!"

Móníítọ̀ kú. Fáànù dúró. Ṣọ́ọ̀bù náà dákẹ́ débi pé mo gbọ́ mọ́tò tó ń gba títì lọ. Mo gbé orí sókè láti ilẹ̀. Ojú télọ̀ ti yí padà. Mo wo okùn áyọ̀ọ̀nù: kò tíì wọ ihò. Mo wo iná kékeré ara sólà: ó ń tàn. Kí ló wá dé? Mo ṣì ń bi ara mi nígbà tí fáànù tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí, ó dúró, ó tún yí. Ẹ̀rọ náà ló pa ara rẹ̀ kí ó lè fi ètò tuntun jí. Lẹ́tà funfun jáde, nọ́ńbà tuntun sì wà níwájú ètò náà.

Mo dìde. Iwájú aṣọ mi ti di òwú àti eruku. Ìyá náà wo móníítọ̀, ó wò mí, ọ̀rọ̀ náà wá yé e.

"Gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, nítorí àpótí yìí ni?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Dọ̀bálẹ̀ padà. Ìyẹn kì í ṣe tèmi."

Mo dọ̀bálẹ̀ padà. Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣáájú: ó ní a kò ní dán tèmi wò kí tòun tó padà sáyè rẹ̀ kó sì tàn. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tàn. Nígbà náà ni mo fi pírósẹ́sọ̀ tuntun sínú bọ́ọ̀dù mi, bọ́ọ̀dù náà sì ka orúkọ rẹ̀ láìṣì í pè.

"Ọ̀la," ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. "Má wá sọ pé iná lọ o."

Iná lọ lóòótọ́. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kó tó di àkókò tí a dá, gbogbo Báṣírì ṣókùnkùn. Kí n tó dìde, mo gbọ́ tí bàbá mi ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó wá dúró ní wíńdò, ó ń nu epo lọ́wọ́. 

Olórí ikọ̀ ló ṣe adájọ́ láti ibi tó wà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pa ẹnì kejì nígbà mẹ́wàá ló borí. Ẹ̀rọ mi ń sáré bí omi. Gbogbo àwòrán mọ́lẹ̀ kedere, kò sí ìdádúró, kò sí pé ọ̀tá ti kọjá kí n tó rí i bíi ti ṣọ́ọ̀bù Ìjìgbò. Mo ṣáájú rẹ̀. Ó bá mi. Mo tún ṣáájú. Ohùn rẹ̀ kò jáde rárá, kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an sì ni mo fi mọ̀ pé kò fi ṣeré. Ó bá mi ní mẹ́jọ. Ó bá mi ní mẹ́sàn-án. 

Ẹyọ kan ló kù. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri kan tó ti wó, mò ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lápá ọ̀tún. Mo yí sọ́tùn-ún. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òkúta ló jù síbẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Bàbá mi ṣì wà ní wíńdò. "Ó ti parí?"

"Ó ti parí, sà."

"Ìwọ lo jẹ ẹ́?"

Mo mi orí rárá. Ó ní òun kò ní pa jẹnẹrétọ̀ ná, ó lọ. Fóònù mi dún. Télọ̀ ni.

"Ọmọ Adó. Má sọ fún mi pé ẹ̀rọ ló fà á o. Ṣé ó gbóná?"

Mo wo nọ́ńbà ooru pírósẹ́sọ̀ ní igun móníítọ̀. Ọgọ́ta ó lé ẹyọ kan. Ó tutù dáadáa fún ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré.

"Kò gbóná."

"Ó dúró? Ó falẹ̀?"

"Kò falẹ̀ rárá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ìwọ lo fà á, nígbà náà."